Olórin Manitoba Tí Kò Ta Másítà Rẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Òwò Orin Kánádà

Olórin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe ẹni tí rédíò ń dárúkọ lójoojúmọ́, síbẹ̀ awo orin rẹ̀ tí wọ́n ti rà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 14. Obìnrin ni, ọmọ bíbí Morden, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olórin àti àwa tí a ń bá olórin ṣètò òwò wọn gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe òkìkí rẹ̀. Òun ló ń ṣẹ̀dá orin rẹ̀, òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló sì ń darí ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé e jáde. Láti 1985 tí ó ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò jẹ́ kí ojúlówó gbígbà orin rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ orin ń pè ní másítà, di ti ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìpinnu yẹn ló dúró lé.

Ní kékeré, ó kọ́ dùùrù, ó sì kọ́ orin kíkọ lọ́dọ̀ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ẹranko ló wù ú. Ìgbà tí ó dé Winnipeg, olú-ìlú Manitoba, ló bá àwọn tí ń kóra jọ láti kọ orin ìbílẹ̀ Ireland àti Scotland pàdé, orin náà sì gbà á lọ́kàn. Ní 1981 ó kó lọ sí Stratford ní ìpínlẹ̀ Ontario, ìlú tí àjọ̀dún eré orí ìtàgé Shakespeare ti ń wáyé láti 1953, ó sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ iṣẹ́ ìgbà ni. Bí òtútù bá ti dé tí àjọ̀dún sì kógbá sílé, olúkúlùkù á lọ wá ohun tí yóò jẹ títí àkókò mìíràn yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òwò orin ṣe rí ní Kánádà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó lówó lọ́wọ́ ní Toronto jẹ́ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ òkèèrè, orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí ni wọ́n sì ń wá kiri. Lóòótọ́, ìjọba ti ṣe òfin tó ń gbe olórin ilé lẹ́yìn: láti 1971 ni CRTC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti pàṣẹ pé ìdá 30 nínú 100 orin tí rédíò bá gbé sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà, wọ́n sì gbé e dé 35 ní 1999. Ní 1982 ni wọ́n tún dá FACTOR sílẹ̀, àjọ tó ń fi owó ran olórin lọ́wọ́ láti wọ sítúdíò. Mo gbà tọkàntọkàn pé láìsí òfin rédíò yẹn, ọ̀pọ̀ olórin Kánádà tí ayé mọ̀ lónìí kì bá tí rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ẹni tí ń yan orin ní rédíò yan obìnrin tí ń fi háàpù kọ orin ọlọ́jọ́ pípẹ́, nígbà tí orin rọ́ọ̀kì tí ará Kánádà kọ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ láti fi kún ìdá 30 náà.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjà St. Lawrence ní Toronto, níbi tí ó ti ń ta háàpù tí ó sì ń kọrin fún àwọn tí ń kọjá. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìyà ló jẹ ẹ́ títí ìràwọ̀ rẹ̀ fi tàn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọrin lójú ọjà ń rí ohun tí olórin inú sítúdíò kì í rí: ó ń rí ẹni tí ó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ dání tí ó dúró, tí ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀, tí ó sì gbọ́ orin kan parí, ó ń rí orin tí ẹsẹ̀ ń yára kọjá lára rẹ̀ àti èyí tí ọmọdé ń fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ padà sí. Pàtàkì jù lọ, ẹni tí ó dúró yẹn ní owó lọ́wọ́, ó sì ṣetán láti ra nǹkan. Ohun tí ó kù ni pé kí olórin ní ohun tí yóò tà fún un.

Ìwé atọ́nà kan tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan kọ ní 1979, nípa bí olórin ṣe lè ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ara rẹ̀ kí ó sì tà á fúnra rẹ̀, ló là á lójú. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìwé náà ni òun fi ṣe olùkọ́. Ní 1985 ó yá owó lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan péré nínú oṣù Keje ọdún náà gba awo àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìgbèríko gúúsù Ontario. Orin mẹ́sàn-án ni, orí kásẹ́ẹ̀tì ni ó sì fi jáde. Ó ń tà á lójú ọjà, ó ń tà á nínú bùùtù ọkọ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítọ́fíìsì sí ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà béèrè.

Kí á lè mọ ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì kékeré yìí fi lè bọ́ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n fi owó àpẹẹrẹ ṣàlàyé, kì í ṣe iye tí òun gan-an ná. Ká ní kásẹ́ẹ̀tì kan ń ná olórin ní dọ́là 2, tí ó sì ń tà á lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní dọ́là 10, dọ́là 8 ni yóò kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ká wá ní ilé-iṣẹ́ kan ló ń bá a tà á, tí ìpín rẹ̀ lórí ẹyọ kan sì jẹ́ dọ́là 1. Ẹyọ 8 ni wọ́n gbọ́dọ̀ tà kí ó tó rí ohun tí ẹyọ kan ń mú wá lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ wọn yóò sì kọ́kọ́ yọ owó sítúdíò kúrò nínú dọ́là 1 yẹn, títí gbèsè yóò fi tán. Ọ̀pọ̀ olórin ló ta awo rẹpẹtẹ tí gbèsè yẹn kò sì tán láéláé. Ẹni tí ó ń tà ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀ fúnra rẹ̀ lè san owó ilé kí ó tún ní owó tí yóò fi wọ sítúdíò lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí obìnrin yìí sì ṣe nìyẹn: awo kejì jáde ní 1987, ẹ̀kẹta ní 1989, lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Owó náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èmi kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì. Ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà láti ra kásẹ́ẹ̀tì ti fi orúkọ àti ibi tí ó ń gbé sílẹ̀. Ó kó wọn jọ, ó pa wọ́n mọ́, ó sì ń kọ̀wé sí wọn. Bí olórin bá mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ra orin òun ní ìlú kan ti pọ̀ tó láti kún gbọ̀ngàn kékeré kan, ó lè gba gbọ̀ngàn náà láìbẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó sì fi lẹ́tà pe ènìyàn wá. Iṣẹ́ tí kò lárinrin ni, iṣẹ́ àpòòwé àti sítáǹpù, àwọn olórin sì máa ń kórìíra rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló sọ obìnrin tí ń kọrin lẹ́bàá ọjà di ẹni tí ó mọ ọjà rẹ̀ ju ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Ní 1991 ni ọ̀rọ̀ dé oríta. Orin rẹ̀ ti ń rìn ju ibi tí apá ènìyàn díẹ̀ inú ọ́fíìsì kan ní Stratford lè ká lọ, nítorí náà ó jókòó pẹ̀lú Warner Music Canada, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan. Àdéhùn tí ó wọ́pọ̀ nínú òwò náà ni pé kí ilé-iṣẹ́ san owó àsansílẹ̀ àti owó sítúdíò, kí wọ́n máa yọ gbogbo rẹ̀ padà nínú ìpín olórin, bí wọ́n bá sì yọ ọ́ tán, másítà ṣì jẹ́ tiwọn. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe ń fi ilé rẹ̀ háyà fún ayálégbé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fi orin rẹ̀ fún wọn: wọ́n ń tẹ awo, wọ́n ń pín in, wọ́n ń polówó rẹ̀, wọ́n sì ń mú ìpín wọn, ṣùgbọ́n ìwé ilé wà lọ́wọ́ onílé.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni olórin kan ṣe lè rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹ wo ohun tí ó gbé wá sí orí tábìlì: awo mẹ́ta tí ó ti san owó ara wọn, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń mú owó wọlé, àti ìwé àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n ti rà. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lè dìde nídìí tábìlì kí ó sì padà sí ẹnu òwò rẹ̀ láìpàdánù ohunkóhun. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí fún olórin tuntun bí ẹni pé ìgboyà nìkan ló mú kí ó rí i gbà, a ń ṣì í lọ́nà. Ọdún mẹ́fà ló fi pèsè sílẹ̀ fún ìjókòó yẹn. Awo tí ó jáde lábẹ́ àdéhùn náà gba Juno, ẹ̀bùn orin tó lókìkí ní Kánádà, ní 1992, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì gba Juno tirẹ̀ ní 1994.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa rédíò tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe òwò yìí ní Kánádà fara balẹ̀ wò nínú ọ̀ràn rẹ̀. Ní ẹ̀yìn awo orin Kánádà, wọ́n máa ń tẹ àmì roboto kékeré kan tí wọ́n pín sí mẹ́rin, lẹ́tà M, A, P àti L wà nínú rẹ̀. M dúró fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohùn orin, A fún olórin tí ó kọ ọ́, P fún ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, L fún ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́rin bá jẹ́ ti Kánádà, rédíò lè ka orin náà mọ́ ìdá tí òfin béèrè. Obìnrin yìí fẹ́ràn láti fi ohùn sí ewì àwọn akéwì tí wọ́n ti kú tipẹ́, bíi Shakespeare tí ó kú ní 1616 àti Tennyson tí ó kú ní 1892, ó sì gba púpọ̀ nínú orin rẹ̀ ti 1994 àti 1997 sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. L ti lọ, P ti lọ. A àti M, tí í ṣe òun fúnra rẹ̀, ló gbé irú orin bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn orin ìbílẹ̀ ni ó kọ ní sítúdíò òkèèrè yẹn, A nìkan ni ì bá kù, orin náà kì bá sì wọlé. Bákan náà, akéwì tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti tán kì í gba owó, nítorí náà gbogbo owó tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wọlé sí. Ṣáájú kí olórin tó pinnu ibi tí yóò ti gba orin sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan ti jókòó ka lẹ́tà mẹ́rin yìí fún un.

Awo 1997 ló gbé e dé ibi tí òun pàápàá kò fojú sí. Wọ́n fi ìlù ijó tún orin kan nínú rẹ̀ ṣe, rédíò Amẹ́ríkà gbà á mọ́ra, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1998 ó sì dé ipò 18 lórí Billboard Hot 100, àtòjọ ọgọ́rùn-ún orin tó ń ta jù lọ tí wọ́n sì ń gbọ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Fún olórin tí másítà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù: ilé-iṣẹ́ á fẹ́ òmíràn kíákíá, á sì fẹ́ kí ó dún bí ti tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Keje 1998, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti ènìyàn méjì mìíràn kú sínú omi ní Georgian Bay ní Ontario. N kò ní fa ọ̀rọ̀ yìí gùn, nítorí ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó dáwọ́ ìrìn-àjò dúró, ó dá owó ìrántí kan sílẹ̀ fún ààbò lórí omi àti ìwákiri ẹni tí omi gbé, ó sì ya owó tí ó bá wọlé lórí awo tí ó jáde ní 1999, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ọdún 2006 ni awo tuntun tí ó gbà ní sítúdíò tó jáde. Láti 1997 sí 2006, ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Nínú òwò tí a ti ń sọ pé ọdún méjì láìsí orin tuntun ti tó láti pa olórin run, ó padà wá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi tí ó fi wọ́n sí. Awo àtijọ́ ń tà ní gbogbo ìgbà yẹn, owó wọn sì ń wọlé sí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpinnu pé kí owó awo kan lọ fún àwọn tí ń wá ẹni tí omi gbé pẹ̀lú, ẹni tí ó ni awo ló lè ṣe é tọ́wọ́ tẹsẹ̀. Apá yìí ni mo máa ń sọ fún olórin tí ó bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ másítà kò kan òun títí òun yóò fi lókìkí. Ọjọ́ tí ara tàbí ọkàn kò ní lè ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá bá gbogbo wa, ohun tí a ni sì ni yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìkànnì tí ènìyàn ti ń gbọ́ orin láìra awo kò ṣe é lóore. Spotify dé Kánádà ní 2014, nígbà tí títà awo ti ń relẹ̀, òun náà sì ti sọ ọ́ ní gbangba bí owó olórin ṣe wó lulẹ̀. Kí a má tan ara wa: níní másítà kò lè dá owó tí kò sí mọ́ padà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín iye ọwọ́ tí ń pín díẹ̀ tí ó kù yẹn kù. Lábẹ́ òfin Kánádà láti 1997, nígbà tí rédíò bá gbé orin sáfẹ́fẹ́, owó kan wà tí àjọ Re:Sound ń gbà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti olórin, ìdajì kejì jẹ́ ti ẹni tí ó ni gbígbà orin náà. Olórin tí ó ni másítà rẹ̀ ń gba ìdajì méjèèjì, yàtọ̀ sí owó tí SOCAN, àjọ tó ń gba owó fún àwọn tí ń ṣẹ̀dá orin, ń san fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin. Bí wọ́n sì ṣe sún gbèdéke ẹ̀tọ́ gbígbà orin láti ọdún 50 sí 70 ní 2015, orin tí ó gbà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní 1985 yóò ṣì máa wà lábẹ́ òfin títí di òpin 2055.

Ní 2018 ó kúrò lórí Facebook, níbi tí àwọn tí ń tẹ̀ lé e ti ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, nítorí kò fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, ó sì ní kí àwọn tí wọ́n bá fẹ́ gbúròó òun forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òun. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan sọ pé àṣejù ni. Lójú tèmi, ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì náà ni. Àwọn ìdajì mílíọ̀nù yẹn kì í ṣe àdírẹ́sì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀; ẹlòmíràn ló ni ìwé tí orúkọ wọn wà, ẹlòmíràn náà ló sì ń pinnu iye nínú wọn tí yóò rí ohun tí ó bá kọ. Ṣùgbọ́n n kì í gba olórin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó kúrò níbẹ̀. Mo máa ń ní kí ó lo ibẹ̀ láti fi kó àdírẹ́sì ìmeèlì jọ, kí ó sì ka iye ìmeèlì tí ó ní lóṣooṣù, dípò iye tí ń tẹ̀ lé e.

Ìhà kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí n kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Òun ni olórin, òun ni mánẹ́jà, òun sì ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́, wákàtí tí a bá fi ka àdéhùn kò sì ṣe é fi kọ orin. Àwọn olórin kan wà tí irú ìgbé ayé yìí yóò pa ẹ̀bùn wọn. Fún irú wọn, ohun tí mo máa ń dábàá ni kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa bójú tó ọ́fíìsì, kí wọ́n san owó fún un dáadáa, àmọ́ kí orúkọ olórin wà lórí másítà, kí ìwé àdírẹ́sì sì wà níbi tí ọwọ́ olórin ti lè tó o.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí olórin bá mú ìwé àdéhùn wá sọ́dọ̀ mi, n kì í kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé tí iye owó wà. Ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ni mo ń wá: ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí gbígbà orin náà yóò parí, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kàn, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn awo tí ó bá kù nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí n kò bá rí ọjọ́ kankan níbẹ̀, a máa dá ìwé náà padà kí wọ́n lọ kọ ọjọ́ sí i, lẹ́yìn ìyẹn la tó máa jókòó sọ̀rọ̀ owó.